Tíṣà Olúṣínà àti Ilẹ̀kùn Yàrá Yìnyín

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Kàbbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, tó tẹ orí díẹ̀, tó ń béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Tíṣà Olúṣínà ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ìjọba rò pé àwọn gbà á sí, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá a gbé ní Ìyárá àti Odò-Ẹrẹ̀, níbi tí wọ́n ti rán an lọ kọ́ ọmọ, ló mọ̀ pé kíkí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kíkọ́ ló fi ń sinmi.

Àwa ará Òkun fẹ́ràn kíkí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè wá gan-an, inú kíkí ni wọ́n ti mú un. A jí, òkun. A pàdé lọ́nà oko, òkun. Oòrùn mú, òjò rọ̀, òkun náà ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹlòmíràn ń parí sí ni Tíṣà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kí ọ tán, yóò béèrè bàbá rẹ, yóò béèrè ìyá rẹ, bí àwọn méjèèjì bá sì ti kú, yóò béèrè bóyá òjò èṣí kò ba ibojì wọn jẹ́. Ìgbà kan tí ejò wọ kíláàsì rẹ̀ ní Odò-Ẹrẹ̀, òun ni wọ́n ní kó sáré lọ pe ọdẹ wá. Ó sáré lóòótọ́, ó sì bá ọdẹ nílé. Nígbà tí yóò fi kí ọdẹ, tí yóò kí ìyàwó ọdẹ, tí yóò béèrè ẹsẹ̀ ajá ọdẹ tó ń dùn ún, tí yóò wá kan ọ̀rọ̀ ejò, ejò ti gba ojú fèrèsé bá tirẹ̀ lọ, àwọn ọmọ sì ti padà sórí bẹ́ǹṣì. Títí di òní olónìí ni Tíṣà ń sọ pé kíkí ló lé ejò náà lọ.

Rachel ìyàwó rẹ̀ kò ní sùúrù irú ìyẹn. Ọmọ Ìsánlú ni, òwò ló sì ti ń ṣe láti kékeré. Nígbà tí Tíṣà fẹ̀yìn tì, Rachel ló ní kí àwọn má kàn jókòó máa jẹ ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkangun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ọjà, wọ́n sì kọ́ yàrá yìnyín sínú rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kóòdùrúmù. Ògiri rẹ̀ nípọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ tún nípọn ju ògiri lọ. Ẹ̀rọ kan wà lókè tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú rẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹja Táítọ́ọ̀sì àti kótè àti ṣáwà sì dùbúlẹ̀ sínú páálí níbẹ̀, wọ́n gan paali. Iná ìjọba máa ń bẹ wọ́n wò nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí kò bá wù ú, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Wọ́n pín iṣẹ́. Rachel jókòó síwájú níbi tábìlì òṣùwọ̀n, òun ló ń tà. Tíṣà ló ń wọ inú yàrá yìnyín lọ kó ẹja jáde. Èyí túmọ̀ sí pé ọwọ́ Tíṣà ni ilẹ̀kùn wà, àṣìṣe tí Rachel ṣe sì nìyẹn.

Ẹ wò ó, níbi tí wọ́n ti tọ́ Tíṣà, ènìyàn kì í rí ẹni tó ń bọ̀ kó ti ilẹ̀kùn. Bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni lójú, o ti lé e nìyẹn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rín lo ń rín. Ìyá Tíṣà kì í tilẹ̀ dé ìkòkò ọbẹ̀ bí àlejò bá yọ lókèèrè, kí wọ́n má baà ní ó ń fi ẹran pamọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ni ọkùnrin náà gbé wọnú òwò ẹja. Yóò ti gbé páálí lé èjìká, yóò ti fẹ́ jáde, ẹnì kan yóò sì kí i láti òdìkejì títì. Tíṣà yóò sọ páálí kalẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kó lè ṣí gbayawu, yóò sì bẹ̀rẹ̀. Òtútù á máa rọ́ jáde gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó funfun bí èéfín ẹnu ìkòkò. Àwọn ọlọ́kadà wá sọ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà di ibùsọ̀ wọn. Ewúrẹ́ méjì kan tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni wọ́n a máa wá sùn sí ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án. Ní àkókò ooru, nígbà tí oòrùn Kàbbà ń yan ènìyàn bí àgbàdo, kò sí ẹni tí ará ìlú ń kí tó Tíṣà. Àwọn tí wọn kò ra ẹja rí láyé wọn ń ya bá a láti bi í pé báwo ni ara.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń san owó gbogbo kíkí yìí. Jẹnẹrétọ̀ ń ké láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn. Atẹ́gùn ooru tó ń wọlé ń di omi, omi ń di yìnyín, yìnyín sì bo ojú ẹ̀rọ inú yàrá náà tí kò fi lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n pe Benjamin tó ń tún fíríìjì ṣe. Ó gé yìnyín kúrò, ó yí gáàsì rẹ̀ padà, ó lọ. Wọ́n tún pè é. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò tinú tẹ̀yìn, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, pé ó kàn ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé ni. Ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ló dúró sí sọ ọ́, nítorí Tíṣà ń béèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, Rachel sọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì ti jẹ èrè tán, owó tí àwọn fi ń ra ọjà ló kù tó ń jẹ. Ó ní bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, òun yóò ta ẹ̀rọ náà, àwọn méjèèjì yóò sì kó lọ sí Àbújá lọ́dọ̀ Naomi ọmọ wọn, tó ti ní yàrá kan nílẹ̀ fún wọn. Kò pariwo. Rachel kì í pariwo bí ó bá ti pinnu, ìyẹn gan-an ló ba Tíṣà lẹ́rù.

Tíṣà mọ Àbújá. Ó ti lọ síbẹ̀ rí nígbà tí Naomi bímọ. Ilé gíga kan ni wọ́n ń gbé, ẹbí lórí ẹbí, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ sì wà ní títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kí àwọn aládùúgbò bí ọmọlúàbí. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ kí di àpò rẹ̀ mú. Èkejì ní òun kò ní ṣéńjì. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ ó sì yára wọ mọ́tò. Mégádì nìkan ló dá a lóhùn, òun náà, nígbà tó di ọjọ́ bíi mélòó kan, bí ó bá ti gbọ́ bàtà Tíṣà lórí àtẹ̀gùn, á wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Tíṣà rù padà sí Kàbbà, kì í sì í ṣe oúnjẹ ló fà á. Nítorí náà, nígbà tí Rachel dárúkọ Àbújá, ohun tí ọkọ rẹ̀ gbọ́ ni ibi tí ènìyàn yóò ti máa jí lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè bóyá ó jí. Ẹ̀rù bà á, ó bà á dénú eegun.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Láìpẹ́ sí àkókò yẹn, Tíṣà lọ sìnkú àna wọn kan ní Ìyárá, Rachel nìkan ló ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí ó ti jókòó, ó ṣàkíyèsí pé ohùn jẹnẹrétọ̀ rọlẹ̀. Ó rò pé ó ti fẹ́ kú ni, ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì bá a tó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Bí ó ti rí nìyẹn títí dìgbà tí Tíṣà dé. Kò tíì bọ́ fìlà ìsìnkú sílẹ̀ tó ti gba ẹnu ọ̀nà yàrá yìnyín, tó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, tó ń ròyìn ìsìnkú fún obìnrin tó ń rán aṣọ ní òdìkejì títì, láti orí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ bú sígbe lẹ́yìnkùlé.

Rachel dìde. Ó ní, “Bàbá Naomi, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ni. Òtútù tí a fi dísẹ́ẹ̀lì rà lẹ fi ń kí gbogbo Kàbbà.”

Tíṣà yíjú padà láti jiyàn. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ewúrẹ́ méjèèjì, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó wá hàn sí i pé kíkí tí òun kò lè gbé ayé láìsí ni yóò gbé òun lọ sí ibi tí wọn kì í ti í kí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó ṣe ìpinnu lójú ẹsẹ̀ pé láti ọ̀la, òun yóò máa kí ènìyàn ní ṣókí.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni tó bá yọ, Tíṣà á ní “Òkun o,” ilẹ̀kùn á sì dé gbàm. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìlú ti gbọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Elizabeth tó ń din ẹja ní gáréèjì ní ẹja ti rà nínú yàrá náà ni, Tíṣà kò fẹ́ kí ojú tó o. Ó lọ ra tirẹ̀ níbòmíràn, ó sì kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dání. Àwọn kan ní owó ti dé ni, ìgbéraga sì ti bá a dé. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ní àìsàn ni. Ìyẹn ló burú jù, torí àwọn tó fẹ́ràn ènìyàn ni kì í jẹ́ kó sinmi. Àwọn ìyá ìjọ dé ní aṣọ funfun, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń gbàdúrà kí Olúwa tú ahọ́n Tíṣà sílẹ̀. Wọn kò tíì ṣe àmín tán tí àwọn àna rẹ̀ láti Ìyárá, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, mú àfáà tiwọn dé fún iṣẹ́ kan náà. Ta ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àdúrà? Tíṣà kúnlẹ̀ láàárín wọn, ilẹ̀kùn ṣí, òtútù ń jáde, àwọn ọlọ́kadà ń ṣe àmín, àmín, wọn kò sì fẹ́ kó tán. Dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ mu lọ́jọ́ yẹn kò ṣe é fẹnu sọ.

Rachel ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ó ra ọ̀rá tó nípọn, ó gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà bíi kọ́tìnnì, kí òtútù má baà máa jáde bí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ṣí. Ọgbọ́n rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò lè kí ẹni tí wọn kò rí ojú rẹ̀. Wọ́n ń pa ọ̀rá náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń ti orí bọ̀ ọ́ bí ewúrẹ́ tó gbọ́ òórùn iṣu, wọ́n á sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní kókó, ó ní kó má baà máa yọ Tíṣà lẹ́nu.

Eégún ńlá ló ń kẹ́yìn ìgbàlẹ̀. Bàbá Oyèbánjí, olórí ẹbí Tíṣà, ẹni tó kọ́ Tíṣà alára ní kíkí nígbà tó wà ní kékeré, gbọ́ pé ọmọ àwọn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Ó wọ babanrígà, ó mú ọ̀pá, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ooru mú jù lọ́dún náà ló bọ́ sí. Ẹja tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, páálí kún yàrá yìnyín dé àjà, ẹ̀rọ ń sapá láti mú wọn gan, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú láti apá Ìyárá. Àkọ́rọ̀ òjò ò jìnnà mọ́, Rachel mọ̀, Tíṣà mọ̀.

Tíṣà rí Bàbá tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tó wà. Ibi tó wà ni ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú yàrá yìnyín, orí rẹ̀ wà níta, ilẹ̀kùn kò sì lè dé láìgé e sí méjì.

Bàbá fi ọ̀pá kanlẹ̀. Ó ní, “Olúṣínà, kí la fi ṣẹ̀ ọ́?” Kò tíì gba èsì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí kí i, láti orí bàbá Tíṣà tó ti kú, kó lè fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn án. Tíṣà ń dáhùn láti ilẹ̀. Òtútù ń gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, jẹnẹrétọ̀ ń ké bí ẹran tí wọ́n mú so. Ó gbójú sókè, ó rí Rachel. Rachel tú gèlè orí rẹ̀, ó ń ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kó o sínú àpò ìrìn-àjò.

Tíṣà kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ Bàbá, kódà bí wọ́n bá fẹ́ pa á. Kò sì lè lọ sí Àbújá. Ó dìde, ó gbọn ara nù, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ya òun alára lẹ́nu. Ó ní, “Bàbá, ìwà àrífín ni kí n máa kí irú yín lójú ọ̀nà. Ẹ wọlé.”

Bàbá wo inú ihò funfun náà. Ẹnikẹ́ni kò pè é débẹ̀ rí. Gbogbo ìlú tó ti ń kí Tíṣà láti ọjọ́ yìí, ìta ni wọ́n dúró sí. Inú rẹ̀ dùn, ó kó babanrígà rẹ̀ jọ, ó wọlé. Tíṣà wọlé tẹ̀ lé e, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá jókòó sórí páálí Táítọ́ọ̀sì. Ó béèrè Rachel, ó béèrè Naomi, ó béèrè ọkọ Naomi. Ó kan ọmọ Naomi, irùngbọ̀n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó kan tẹ̀gbọ́n tàbúrò, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó dákẹ́, ó ní kí Tíṣà náà kí òun. Tíṣà, tí yàrá náà ti mọ́ lára, ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó béèrè ìyálé. Ó béèrè ìyàwó kejì. Ó béèrè eékún ìyàwó kejì. Ó ń bọ̀ wá sórí àwọn ọmọ, Bàbá sì ń fi ojú inú wo bí ọmọ òun ti pọ̀ tó, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kábàámọ̀ rẹ̀. Ó fa babanrígà bo etí.

Ó ní, “Olúṣínà, gbogbo wọn ló wà dáadáa, àti àwọn tí o kò tíì dárúkọ. Ṣílẹ̀kùn.”

Èrò ti pé síta láti gbọ́ ìdájọ́. Bàbá Oyèbánjí dúró sínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, ó pa ojú dé, ó jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Àgbà kì í sọ pé òtútù lé òun jáde. Ó ní, “Ẹ̀yin ni ó ń kí lójú ọ̀nà. Èmi, inú ilé ló ti kí mi.” Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún ayé Tíṣà ṣe. Láti ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó tún gbà kí wọ́n kí òun lẹ́nu ọ̀nà Tíṣà, àfi bí ẹni ń fi òun wọ́lẹ̀. Wọ́n ń wọlé, ilẹ̀kùn ń dé, wọ́n ń kí ara wọn tìyìtìyì, wọ́n sì ń jáde kíákíá. Kíkí ẹnikẹ́ni kò dé orí àwọn àbúrò. Àwọn ìyá ìjọ wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúpẹ́ pé àdúrà gbà, wọn kò kọrin. Elizabeth wọlé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹja wò, ó gan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí rà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà lọ wá ibùsọ̀ mìíràn, ewúrẹ́ méjèèjì sì bá wọn lọ. Ẹni tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó máa ń tan ẹ̀rọ amúlétutù kó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí oníbàárà lè rí i, òun náà wá ń pe ènìyàn wọlé. Lẹ́yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ ń kùn jẹ́jẹ́.

Òjò rọ̀. Rachel kò sọ nǹkan kan nípa Àbújá. Tíṣà kò béèrè, ẹ̀rù ń bà á láti béèrè. Ó ń kó ẹja, ó ń sọ páálí kalẹ̀, ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de èsì ìdánwò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ṣọ́ọ̀bù ó sì bá Rachel tó ń kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yìnyín. Ẹ̀wù òtútù mẹ́ta tó ki, aṣọ òkìríkà, wà lórí tábìlì, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n. Tíṣà bi í pé ta ló ni wọ́n.

Rachel kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Ti àlejò ni. Èyí tó gùn yẹn, ti Bàbá Oyèbánjí ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún wá kí wa níbí.”

Tíṣà dúró. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ orí díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kí ìyàwó rẹ̀. Ó kí i òkun ìdìde, ó kí i òkun ọjà, ó kí i òkun ìrònú, ó béèrè apá tó fi kan ìṣó, ó béèrè gbogbo ará Ìsánlú níkọ̀ọ̀kan. Rachel sọ òòlù kalẹ̀, ó sì dá a lóhùn títí ó fi kí i tán.